Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ènìyàn Sùn: Bí A Ti Ń Kà Á àti Bí A Ti Ń Yá Ara Wa

Ẹ ti mọ a, b, d. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín. Ẹ ti lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí oògùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ń bi wá pé, "A ti mọ̀ ọ́n kà tán, kí ni kí á máa kà wàyí?" Ìbéèrè gidi ni. Àdá tí a kò fi ṣiṣẹ́ yóò dógùn-ún. Ẹni tí ó kọ́ ìwé, tí kò rí ohun tí ó dùn kà, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé.

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú ìwé kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé kíkà. Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin fẹ́ràn ara wọn, ewu sì wà lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ń pa nǹkan mọ́. Ẹnì kan ń purọ́. Òǹkàwé kò mọ ẹni tí ó jẹ́, ọkàn rẹ̀ wà lókè, kò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀ títí àtùpà yóò fi fẹ́ kú.

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní irú ìtàn báyìí. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ alọ́ ọmọbìnrin arẹwà tí ó kọ gbogbo ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ mú wá? Ní ọjọ́ ọjà kan, ó rí ọkùnrin kan tí ó dára ju gbogbo wọn lọ. Ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi alọ́ yìí sínú ìwé kan tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó jáde ní ọdún 1952. Ó ya ọ̀pọ̀ òyìnbó lẹ́nu. Kò ya àwa lẹ́nu, torí a ti gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ìyá wa.

Ẹ wo bí apàlọ́ ti ń ṣe é. Bí ó bá sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé agbárí ni ọkùnrin náà, àwọn ọmọ yóò ti sùn lọ. Ó pa á mọ́. Ó jẹ́ kí á kọ́kọ́ fẹ́ràn ọkùnrin náà, bí ọmọbìnrin náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀, àyà wa já. Ohun tí à ń pè ní ìtàn ìfẹ́ àti ewu kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí irú ìtàn yìí wọ inú ìwé ìròyìn, ó gbóná. Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1928. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde. Ní ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Ó ní àrùn ti dá òun dùbúlẹ̀, ẹwà òun ti lọ, òun sì fẹ́ sọ fún ayé bí òun ti lo ìgbà èwe òun, àti bí ọkùnrin tí òun bá lò ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá ka ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ó máa retí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1930, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé nínú ọdún 1930 náà.

Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo Èkó. Ta ni Ṣẹ̀gilọlá? Ìdílé wo ni ó ti wá? Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn mìíràn, wọ́n fi owó ránṣẹ́ kí ó fi tọ́jú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan! Ọ̀gbẹ́ni Thomas fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ka ìwé yìí sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó kọ ọ́ bí obìnrin ti ń sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ ibi tí àwọn ará Èkó mọ̀. Ó fi orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà sí i. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ó fi bo ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn òǹkọ̀wé wa kò dúró. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń lé àwọn ọ̀daràn nínú wọn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ gan-an ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí òǹkọ̀wé ti ń fi nǹkan pamọ́, kí ó kà wọ́n. Ìwé Atọ́ka tún wà, níbi tí àwọn eléré orí ìtàgé ti ya fọ́tò eré wọn, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, torí bí ọ̀rọ̀ kan bá le, àwòrán yóò ran ojú lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ yá a.

Wàyí o, báwo ni a ti ń ka irú ìtàn yìí? Ẹ jẹ́ kí á dá ọ̀kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ.

Àbẹ̀kẹ́ ń ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan ń wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń gba aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń san owó, ọwọ́ òsì rẹ̀ a wà nínú àpò. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, inú Àbẹ̀kẹ́ sì dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí i. Ọkùnrin náà dé, ó kí wọn láti ìta. Bí ìyá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, sọ fún un kí ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn ọ́."

Ìtàn dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó sáré kà á yóò bèèrè pé, "Ọwọ́ òsì kẹ̀?" Ẹ padà sókè. A ti sọ ọ́ fún yín. Kí ni kò jẹ́ kí ẹ fura? Nítorí pé ọmọlúwàbí kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kì í sì í fi san owó. Ẹ rò pé ìwà rere ni ọkùnrin náà ń hù. Inú ìwà rere ni a fi àṣírí náà pamọ́ sí! Òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi àṣírí sínú òkùnkùn, ojú ọ̀sán gangan ni ó ń gbé e sí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka irú ìwé yìí, ohun tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan ni kí ẹ wò dáadáa. Bí a bá sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì pé fèrèsé kan kì í ṣí, ẹ máa fojú sí fèrèsé náà.

Ohun mìíràn ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ìwé àti ìwé ìròyìn ni a tẹ̀ láìsí àmì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: "O ri oko re loju ona." Ṣé ọkọ tí ó fẹ́ ẹ ni ó rí ni? Ṣé ọkọ́ tí à ń fi ro oko ni? Ṣé ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ni? Àbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù? Nínú ìtàn ewu, ìyàtọ̀ wà láàárín obìnrin tí ó rí ọkọ rẹ̀ àti èyí tí ó rí ọ̀kọ̀! Ẹ ka gbólóhùn tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú nínú kí á padà ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yíyá ìwé ló kù. Ìwé wọ́n, owó kò sì tó. Àmọ́ àwa Yorùbá mọ àjọ dídá. Bí ẹ̀yin mẹ́wàá bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan tí ẹlòmíràn kò rà. Ìwé mẹ́wàá ni ẹ ó kà pẹ̀lú owó ìwé kan ṣoṣo. Ẹ fi bébà bo èèpo ìwé. Ẹ má ṣe ká etí rẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó láti fi mọ ibi tí ẹ kà dé. Ẹ má ṣe kà á nídìí epo. Kí ẹnì kan máa kọ orúkọ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ó gbà á. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ yóò là.

Èèwọ̀ kan wà: ẹni tí ó bá ti ka ìwé parí kò gbọdọ̀ sọ òpin rẹ̀. A mọ̀ pé ẹnu yóò máa yún un. Kí ó fi ọwọ́ bò ó. Ẹni tí ó sọ òpin ìtàn fún ẹni tí ó wà ní ìdajì ti jí ìwé náà gbé lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìwé náà tilẹ̀ wà nílé. Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí ó já ojú ìwé ìkẹyìn láti fi di nǹkan. A kò mọ irú ìtanràn tí ó tó fún un.

Ó sì dára kí ẹ jọ kà á sókè. Kí ẹnì kan kà, kí àwọn yòókù máa dirun tàbí kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà. Bí ó bá dé ibi tí àyà já, kí ó dá ìwé dé, kí ó bèèrè lọ́wọ́ yín ohun tí ẹ rò. Ariyànjiyàn tí yóò ti ibẹ̀ wá dùn ju ìtàn gan-an lọ nígbà mìíràn.

Àwọn kan ń sọ pé irú ìwé yìí ń ba obìnrin jẹ́. Ẹ̀yin bàbá, a ti gbọ́ ẹjọ́ yín: ìyàwó ń kàwé lóru, kò dá yín lóhùn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ní kí ó kà á sókè. Àwa kò gbà pé ìtàn ìfẹ́ burú. Èyí tí a kò fẹ́ ni ìwé tí ọkùnrin ti ń na obìnrin, tí òǹkọ̀wé ń pe ìyẹn ní ìfẹ́. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹ sọ ọ́ láìfi bò.

A ní a ó padà sọ́dọ̀ Ṣẹ̀gilọlá. Àwọn ènìyàn fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí láyé. Lóde òní, orí fóònù ni lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹnì kan yóò kọ̀wé sí opó kan. Yóò ní òun ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó òun ti kú, òun rí àwòrán rẹ̀, ọkàn òun sì fà sí i. Ọ̀rọ̀ dídùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lójijì, kí ó jọ̀ọ́ fi owó ránṣẹ́. Àwọn ọmọ Yahoo tí ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ọgbọ́n òǹkọ̀wé: òótọ́ díẹ̀ lórí, irọ́ lábẹ́, kí ìtàn sì dúró níbi tí àyà ti ń já. Ọ̀gbẹ́ni Thomas ń ta ìwé ìròyìn ní tirẹ̀, ìwé ìròyìn ni ẹni tí ó san owó sì gbà. Opó yìí kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹni tí ó ti jókòó bi ìwé ìtàn ní ìbéèrè yóò bi lẹ́tà yìí náà: Ta ni ń sọ̀rọ̀? Kí ni kò sọ? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ta ni ó ti rí ọwọ́ òsì rẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE. Ẹ ka ìtàn Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbo ni ìyá rẹ̀ ti lè mọ ohùn ọkùnrin náà? Kí ni ó wà ní ọwọ́ òsì náà: àpá ni, òrùka ni, àbí ìka ni kò pé? Ṣé ènìyàn búburú ni ọkùnrin náà, tàbí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́? Ẹ kọ òpin ìtàn náà ní gbólóhùn mẹ́wàá. Ẹ má ṣe fi hàn ẹnikẹ́ni kí gbogbo ẹgbẹ́ tó kọ tiwọn tán.