Eyín Ni Mo Bá Lọ, Wọ́n Ní Káwọn Gún Mi Níka

ÌBÉÈRÈ: Sẹkọna, lẹ́bàá Ẹdẹ, ni mò ń gbé, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó pẹ́ tí erìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ bí mo bá ń run orín. Ní báyìí, eyín méjì ti ń mì. Àwọn ọmọ mi mú mi lọ sílé ìwòsàn eyín, ni nọ́ọ̀sì bá ní òun fẹ́ gún mi níka láti wo ṣúgà. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní owó ni wọ́n ń wá. N kò ní àtọ̀gbẹ. Èèrà kì í bo ìtọ̀ mi. Kí ló kan ìka nínú ọ̀rọ̀ eyín?
— Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Èèrà yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá tó nǹkan bí 180 mg/dL. Bẹ́ẹ̀ 126 láàárọ̀, kí èèyàn tó fẹnu kan nǹkan, ti wọ ìlà àtọ̀gbẹ. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 150 lè máa tọ̀ sẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́ kí èèrà má yà síbẹ̀.

Erìgì kì í dúró dìgbà tí èèrà bá yà síbi ìtọ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á dínkù, ẹnu á máa gbẹ, erìgì á wú, egungun tó di eyín mú á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Egbò erìgì náà kò sì dákẹ́ o: kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ni ṣúgà á bá tún gòkè. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi fún àyẹ̀wò ṣúgà ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ wọn lọ́dún 2018. Lóòótọ́, ìdọ̀tí tó le mọ́ eyín nìkan lè fa gbogbo ohun tó ń ṣe yín. Ká mọ èwo ni ni wọ́n ṣe fẹ́ gún yín.

Ní ti owó, ẹ béèrè iye rẹ̀ ná. Èmi náà á béèrè.

Abẹ́rẹ́ ìka nìkan kò tó ẹjọ́ dá, pàápàá bí ẹ bá ti mu ògì oníṣúgà jáde nílé. Ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, omi nìkan, kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ọ̀nà Ifẹ̀ kò jìnnà sí yín. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ń tọ́jú eyín, ó sì ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ ṣe, èyí tí kò gba ààwẹ̀, ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn: bí ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, èsì rẹ̀ lè ṣìnà.

Bí èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láìjẹun bá pé 126, wọn yóò tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kó lè dájú. Ẹ mú èsì náà tọ dókítà eyín lọ kó tó pinnu bóyá yóò yọ eyín méjèèjì. Egbò kì í tètè jinná lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga.