Ẹ Má Di Páwà Báǹkì Sínú Àpótí

Wọ́n ní kí ìyá kan ṣí àpótí rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo tò sí. Ẹ̀lùbọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, àárín aṣọ àǹkárá méjì sì ni wọ́n ti fa páwà báǹkì kan yọ. Ikùn rẹ̀ ti wú. Ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yanu débi pé èékánná lè wọ̀ ọ́. Inú bí ìyá náà. Ó ní ó ṣì ń ṣáájì fóònù dáadáa. Òótọ́ ni, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Bátìrì lithium ló wà nínú páwà báǹkì, irú èyí tó wà nínú fóònù yín. Bó bá ti fara pa, bóyá ó jábọ́ sórí sìmẹ́ńtì, bóyá ayédèrú ni láti ilé, inú rẹ̀ lè ṣàdédé gbóná. Ooru á máa bí ooru, èéfín á tú, iná á sì sọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n á rí èéfín, wọ́n á da omi sí i kó lè tutù. Nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí àpótí ń wà, ta ni yóò rí i? Gáàsì apaná tí wọ́n ń tú síbẹ̀ lè pa ahọ́n iná, ṣùgbọ́n kò lè dá ooru inú bátìrì dúró. Ìdí nìyẹn tí òfin ìrìnnà òfurufú fi ka páwà báǹkì léèwọ̀ nínú àpótí. Báàgì ọwọ́ ni àyè rẹ̀. Bí ìwọ̀n agbára tí wọ́n kọ sí i lára bá ju 100 Wh (watt-hour) lọ, ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Bó bá ju 160 lọ, ẹ fi sílé. Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan lára ńkọ́? Ẹ fi òun náà sílé.

Ẹ má sì rò pé bó ti wà nínú báàgì lókè orí yín, ó tán. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ òfurufú Air Busan kan jóná ní pápákọ̀ Gimhae ní South Korea. Kò tíì gbéra. Inú ibi ìkẹ́rùsí òkè ni iná ti bẹ̀rẹ̀, àwọn olùwádìí sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páwà báǹkì. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló jáde láàyè. Ká ní ojú òfurufú ni wọ́n wà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí ojú yín ti tó o.

Ẹ óò wá gúnlẹ̀, ẹ óò sì fẹ́ ṣáájì. Ihò iná ara ògiri London kò yàtọ̀ sí tiwa, ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ni, 120 volt sì ni iná wọn, tiwa jẹ́ 230. Àdápítọ̀ kò ju ẹsẹ̀ lọ, kì í yí agbára iná padà. Ẹ yí ṣájà fóònù yín wò, ẹ ka àkọsílẹ̀ wínníwínní ìdí rẹ̀: bó bá jẹ́ 100-240V, ó gba méjèèjì. Ẹ̀rọ ìfárí tí wọ́n ṣe fún 120 péré, òórùn jíjó ni yóò kọ́kọ́ kí i yín bẹ́ ẹ bá kì í bọ iná ilé wa. Àdápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní fíùsì, ẹ má sùn tì í. Fóònù tó ń ṣáájì lábẹ́ ìrọ̀rí, ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ kò tíì mọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀! Ẹni tó bá ní òun ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, orí ló ń kó o yọ.

Ìyá yẹn na páwà báǹkì rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ tó sìn ín wá, ó ní kó máa lò ó nílé. Mo sáré tẹ̀ lé e. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó o, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.” Ó rẹ́rìn-ín, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò, ó sì gun ọ̀kadà lọ.