Àpótí Ìmọ̀: Pípo irun àgùntàn pọ̀ kí a tó ràn án

Ní erékùṣù Shetland, ní àríwá Scotland, àgùntàn funfun wà, dúdú wà, aláwọ̀ eérú náà sì wà. Ẹni tó ń rànwú níbẹ̀ lè yọ àwọ̀ láìlo aró rárá: á po irun funfun mọ́ dúdú títí yóò fi di irú eérú tó ń fẹ́. (Irun àgùntàn ilẹ̀ wa kúrú, kò ṣeé ràn bẹ́ẹ̀.)

A ó kọ́kọ́ rẹ irun náà sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè kúrò. A kì í gbo ó, kó má baà dì pọ̀. Bó bá gbẹ, pákó pẹlẹbẹ méjì tí eyín wáyà kéékèèké kún ojú wọn ni a ó lò. A ó tẹ́ funfun fẹ́lẹ́ sójú ọ̀kan, a ó tẹ́ dúdú lé e, a ó sì fi èkejì yà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Eyín kò gbọdọ̀ wọnú eyín. Bí a bá yà á díẹ̀, ìlà méjèèjì ṣì máa hàn nínú òwú, èyí sì lẹ́wà púpọ̀. Bí a bá yà á dáadáa, àwọ̀ á dọ́gba. A ó wá ká a kúrò bí ẹní.

Gígùn irun ló ń da iṣẹ́ rú jù. Bí ọ̀kan bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tí èkejì kò ju 4 lọ, èyí tó kúrú á ṣù jọ, òwú á sì ní kókó.

Ẹ wọn irun kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pò ó, bíi gíráàmù 30 funfun sí 10 dúdú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.