Asiráánsì Ọkọ̀ fún Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Permis

Kí ọkọ̀ tó bọ́ sójú títì, òfin CIMA tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń lò ní dandan ni kó ní asiráánsì. Ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe ni ti dandan yìí wà fún. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe.

Èèyàn méjì lè ra irú ọkọ̀ kan náà, kí owó asiráánsì wọn má dọ́gba. Kí ló fà á?

1. Iṣẹ́ ọkọ̀. Èyí tó ń kó èrò lọ sọ́jà Pobè wọ́n ju ọkọ̀ ilé lọ, torí ojú títì ló ń gbé.

2. Agbára ẹ́ńjìnnì, àti bóyá èsáǹsì ló ń mu tàbí gasoil. Ó wà nínú carte grise.

3. Awakọ̀. Ilé iṣẹ́ lè fi owó lé e fún ẹni tí permis rẹ̀ ò tíì pẹ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ ilé ni, kí owó lè dínkù, á wá máa fi kó èrò. Bí jàǹbá bá dé, tí wọ́n rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ni, òfin gbà kí wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Owó tó ti san ò sì ní padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Igolo lọ sí Nàìjíríà, ẹ bèèrè Carte Brune CEDEAO, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Cotonou lọ́dún 1982.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: Iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ yín ń ṣe? Iṣẹ́ wo lẹ kọ sínú ìwé?