Ọ̀bẹ Alágbẹ̀dẹ àti Ẹni tí Ó Ni Ín

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí ilé tí ènìyàn lè wọ̀ tí kò ní bá ọ̀bẹ níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni ìyàwó ilé fi ń rẹ́ ilá, òun ni àgbẹ̀ fi ń bẹ iṣu lóko, òun náà ni ọdẹ fi ń kun ẹran. Nítorí pé ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, tí ó sì lò ó fún ogún ọdún, mọ̀ dájú pé níní irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ó ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì ní ojúṣe tirẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, àwọn Yorùbá ni ó ń yọ́ irin fúnra wọn láti inú òkúta. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí Ọ̀yọ́. Nígbà tí irin òkèèrè pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ yíyọ́ irin kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lílu irin kò kú. Lónìí, sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti gbó ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọ̀bẹ. Irú irin bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù díẹ̀ nínú, tí kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ yìí ni ó ń jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ lè mú, kí ó sì pẹ́ kí ó tó kú.

Bí ènìyàn bá dé ilé àgbẹ̀dẹ, yóò bá ọmọ iṣẹ́ tí ń fi ẹwìrì fẹ́ iná èédú. Alágbẹ̀dẹ a fi ẹ̀mú mú irin tí ó ti pọ́n, a sì máa fi owú lù ú títí ojú rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì nípọn. Nígbà tí ọ̀bẹ bá ti gún régé, a tún mú un gbóná títí yóò fi pọ́n, a sì tì í bọ omi tàbí òróró lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni ó ń mú irin le. Ṣùgbọ́n irin tí ó bá le jù a máa kán bí àwo. Nítorí náà, a ó tún fi iná díẹ̀ yá a títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí koríko gbígbẹ, kí líle rẹ̀ lè dín kù níwọ̀nba.

Lẹ́yìn èyí, a ó mú ìdí irin náà gbóná, a ó sì fi jó ihò sínú igi èèkù. Irin kan ṣoṣo ni ó ti ẹnu ọ̀bẹ dé inú èèkù. Kò ní ìsopọ̀ tí ó lè yẹ̀ lójijì, bí ọ̀bẹ tí a ń pa dé sínú èèkù rẹ̀ ti lè ṣe. Àwọn àgbà ní, bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò lè tọ́jú ara rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ àgbà fún ní irú ọ̀bẹ yìí nígbà tí ó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù kan, kò yà á láti ara. Nígbà tí ó ṣe, ó gbàgbé rẹ̀ sí ahéré nígbà òjò, ọ̀bẹ sì dógùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, okùn ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́ mọ́ igi, ó sì fún ẹran náà lọ́rùn. Ọmọ náà sáré mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó rẹ́ okùn títí, okùn kò já. Kí aládùúgbò tó mú àdá dé, ewúrẹ́ ti kú. Ewúrẹ́ yìí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ tà láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ọ̀bẹ tí ẹ fún mi kò mú.”

Bàbá àgbà dáhùn pé, “Ọmọ mi, ó mú nígbà tí mo fi fún ọ. Lọ gbé òkúta ìpọ́nbẹ wá.”

Ó kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ta omi sí òkúta, bí a ti ń dẹ ọ̀bẹ sílẹ̀ díẹ̀, tí a sì ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Ó kọ́ ọ pé kí ó nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó fi àdín díẹ̀ ra á lára, kí ó má sì tì í bọ inú àkọ̀ ní tútù, nítorí awọ a máa fa omi mọ́ra. Ó sì kìlọ̀ fún un pé ọ̀bẹ tí kò mú ni ó ń gé ènìyàn jù, nítorí ẹni tí ń fi agbára tì í kò mọ ibi tí yóò yọ̀ sí.

Àwọn Yorùbá kì í fi irin ṣeré. Ní ilé ẹjọ́ Nàìjíríà títí di òní, ẹni tí ń sin òrìṣà lè fi irin búra pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Nítorí náà, ọmọlúwàbí a máa kọ èèkù sí ẹni tí ó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í yọ ọ̀bẹ nínú ìbínú. Alágbẹ̀dẹ ṣe tirẹ̀ tán ní ọjọ́ tí ó ta ọ̀bẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ ẹni tí ó rà á bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí alágbẹ̀dẹ fi ń tún fi iná díẹ̀ yá ọ̀bẹ lẹ́yìn tí ó ti tì í bọ omi?
2. Kí ni ó pa ewúrẹ́ náà: okùn ni, ọ̀bẹ ni, tàbí ìwà ọmọ náà? Ṣàlàyé ìdáhùn rẹ.
3. Sọ ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní ọ̀bẹ máa ṣe lẹ́yìn tí ó bá lò ó tán.