Ẹ wọn agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín kẹ́ ẹ tó sanwó àtúnṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun, ì báà jẹ́ èrò lẹ̀ ń gbé láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, ì báà jẹ́ ẹja lẹ̀ ń kó ní Ẹpẹ́, ọ̀rọ̀ yín la gbé wá sójú ewé yìí lónìí. Ó ti di àṣà kí mẹkáníìkì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣí ẹ́ńjìnnì yìí, yóò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ọ̀gá á sanwó, wọ́n á tú kabúrétọ̀, wọ́n á yí èyí, wọ́n á gé tọ̀hún, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú bíi kìnnìún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé agbára mélòó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ìyá tó ń ta gàrí kì í fojú wọn ọjà rẹ̀, kọ́ńgò ló ń lò. Kọ́ńgò tiwa nídìí iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní dáínò.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòroó yé. Wọ́n á yọ pùròpẹ́là, ìyẹn irin tó ń yí nínú omi tó ń ti ọkọ̀ lọ, wọ́n á wá so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ dáínò. Omi tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni yóò máa di ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ kó má lè yí bó ṣe wù ú. Bí wọ́n bá ṣe ń fi omi kún un ni iṣẹ́ ń wúwo fún ẹ́ńjìnnì, apá irin kan á sì máa tẹ òṣùwọ̀n láti fi bí ipá náà ṣe tó hàn. William Froude, ọmọ Ìlú Ọba, ló gbé irú dáínò tó ń lo omi yìí kalẹ̀ lọ́dún 1877, torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ló sì ṣe ṣe é. Ẹ ò rí i pé inú omi gan-an ni nǹkan yìí ti wá, kì í ṣe ìdí mọ́tò.

Ipá tí òṣùwọ̀n bá kà, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pọ́n-ùn àti ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n, ni wọ́n á sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wá fi 5,252 pín in. Èyí tó bá jáde ni họsìpáwà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Tí ipá bá jẹ́ 210 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,000, họsìpáwà rẹ̀ jẹ́ 200. Tẹ́ ẹ bá wá fà á dé 5,500, tí ipá já wálẹ̀ sí 185, họsìpáwà ti di 194. Ariwo pọ̀ sí i, epo tó ń mu kò dín, agbára ló rẹlẹ̀.

Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje ṣe ní Amẹ́ríkà, níbi tí Mercury Racing ti ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní Fond du Lac ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, mọ dáínò bí ẹni mọ owó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí níṣẹ́ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Yóò wọn ẹ́ńjìnnì bó ṣe wà, yóò tún un wọ̀n títí iye tó ń jáde á fi bára mu, lẹ́yìn náà ni yóò yí nǹkan kan ṣoṣo, yóò sì tún wọ̀n. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa rèé. Mọ́tò tó ń lọ lójú títì, ìgbà díẹ̀ ló fi ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Tó bá ti sáré dé ibi tó fẹ́, dírẹ́bà á rọra gbẹ́sẹ̀, táyà á máa yí lọ. Omi kò gba irú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dín in kù pẹ́rẹ́, ọkọ̀ á jókòó sínú omi. Ńṣe ló dà bí mọ́tò tó ń gun òkè láti àárọ̀ títí dalẹ́. Nítorí náà, àtúnṣe tó dùn lára mọ́tò lè pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 14.7 sí ìwọ̀n epo kan kí epo náà tó jó tán pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń fa gbogbo agbára rẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bíi 12.5, torí epo tó lé yẹn ló ń bá wọn mú inú ẹ́ńjìnnì tutù. Mẹkáníìkì tó fẹ́ kí iye orí ìwé dùn ún wò lè dín epo kù, kó tún jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì máa ṣáná ṣáájú àkókò. Lórí dáínò, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò dára. Ní àárín ọ̀sà, pẹ̀lú èrò méjìdínlógún nínú ọkọ̀, lẹ́yìn wákàtí kan, orí písítìnì lè lu. Ti àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: inú epo ni ọ́ìlì tó ń mú kí písítìnì máa yọ̀ wà, ẹni tó bá dín epo kù ti dín ọ́ìlì kù nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ìwé dáínò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín ni pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń fà á dé òpin kí wọ́n tó kọ iye yẹn sílẹ̀.

Ẹ tún wo ojú ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin kì í gbé agbára jáde tó ti ibi tútù. Ìlànà J1349 ti SAE ní Amẹ́ríkà fi 25 dígírì ṣe òdiwọ̀n, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni tiwa sì ń kọjá ìyẹn. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá lára ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n tàbí ní ọ̀pá pùròpẹ́là, nítorí jíà máa ń jẹ díẹ̀ nínú agbára kó tó dé ìsàlẹ̀.

Kò sí bí ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣe máa ra dáínò, kò sì pọn dandan. Èyí tí apá yín ká ni aago kékeré tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ kó ẹrù tàbí èrò tẹ́ ẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀, kó má lé, kó má dín, ẹ lọ síbi tí omi ti rọlẹ̀, ẹ fa ẹ́ńjìnnì dé òpin fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ ka aago. Ẹ wá ṣí ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì yín wá. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ni wọ́n kọ 5,000 sí 6,000 sí, ṣùgbọ́n ti ìwé tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tí tiyín bá dúró sí 4,300, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé pùròpẹ́là yín ló tóbi jù fún ẹrù yín. Tó bá ń kọjá òpin tí wọ́n kọ, ó kéré jù. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára pùròpẹ́là: ìkejì ni bó ṣe yẹ kó lọ síwájú tó, ní ínǹṣì, nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dín ìyẹn kù pẹ̀lú ínǹṣì kan, ìyípo ẹ́ńjìnnì á lọ sókè ní nǹkan bí 150 sí 200. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ owó tí àwọn èèyàn ń ná láti ṣí ẹ́ńjìnnì, pùròpẹ́là ló yẹ kí wọ́n fi rà.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ yín dín lítà epo mẹ́rin kù ní ìrìn-àjò kan, tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ 25 lóṣù: 300 lítà nìyẹn, ẹ fi iye tẹ́ ẹ rà á lánàá sọ ọ́ di náírà. Ẹ má sì gbàgbé ọwọ́ awakọ̀. Tó bá dín ìyípo kù pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá, agbára tí pùròpẹ́là ń béèrè á fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ dín kù, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni èrò sì máa fi pẹ́.

Ní ti ọkọ̀ tó ń gbé èrò, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi agbára kún ju èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe é sí lọ. Ìdí ọkọ̀ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ní ìwọ̀n tó lè gbé, ìwé ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ fún yín sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá fọwọ́ kan ọpọlọ ẹ́ńjìnnì náà. Ẹni tí mẹkáníìkì bá ti parọwà fún títí tó gbà, kó san ìdajì owó nìkan ṣáájú. Kí wọ́n kọ iye ìyípo àti lítà epo ìrìn-àjò kan sínú ìwé kí wọ́n tó tú bóòtù kan, kí wọ́n tún gbé ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú ẹrù kan náà lẹ́yìn àtúnṣe, kó sì di ìgbà tí nọ́ńbà méjèèjì bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó tó san ìdajì tó kù.