Àròkọ Aláàlàyé: Bí A Ṣe Ń Fi Gírísì Sí Bẹ́ríǹ Ìyípo Katapílà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá ni í máa ń sá fún àròkọ aláàlàyé. Wọ́n rò pé ó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kan dájú, ìbáà ṣe aró dídá, ìbáà ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, òun gan-an ni irú àròkọ yìí yẹ. Ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ wò kò béèrè ọ̀rọ̀ dídùn. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí lè fi ìwé rẹ ṣe é láìfarapa.

Láìfarapa yìí ni kí o fi ojú sí. Nínú ìtàn, bí o bá fi ìparí ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, a lè kà á sí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé iṣẹ́, bí o bá kọ ọ́ pé kí a yí ẹ̀rọ kí o tó kọ ọ́ pé kí a lé àwọn ènìyàn kúrò, o ti pa ẹnì kan lórí ìwé. Nítorí náà, to àwọn ìgbésẹ̀ rẹ lẹ́sẹẹsẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì mọ ìdí tí ọ̀kan fi ṣáájú èkejì. Ohun èlò tí kò ní orúkọ Yorùbá, kọ ọ́ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè é.

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ tí o mọ̀ dáadáa, fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Awakọ̀ katapílà ni àbúrò bàbá mi tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Kì í ṣe katapílà tí ń fi irin pẹlẹbẹ ti yẹ̀pẹ̀ síwájú ni mo ń wí o. Èyí tí ó ní apá gígùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, tí òkè rẹ̀ lè yí po nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ oníṣéènì dúró lójú kan. Ní àsìkò ìsinmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ibi iṣẹ́.

Bí ènìyàn bá wo katapílà yìí, apá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ rí. Ohun tí kò ní rí ni òrùka irin ńlá tí ó wà láàrin òkè àti ẹsẹ̀. Òun ni bẹ́ríǹ ìyípo. Òrùka méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, àwọn ọta irin róbótó-róbótó sì ń yí láàrin wọn. A fi bóòtì de ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀, a sì fi bóòtì de èkejì mọ́ òkè. Lára ọ̀pọ̀ katapílà, òrùka inú ní eyín yí ká, jíà kékeré kan sì máa ń yí lára eyín náà kí òkè tó lè yí. Ẹ́ńjìnnì, yàrá awakọ̀, apá, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, orí bẹ́ríǹ yìí ni gbogbo wọn jókòó lé.

Ibi méjì ni gírísì ń lọ, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ni kò sì mọ̀. Àwọn ọta ní tiwọn, tí a ń fà wọlé láti ẹnu kéékèèké méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn eyín náà ní tiwọn: inú gírísì ni wọ́n rì sí bí ẹran inú ọbẹ̀. Ẹni tí ó fi sí ọ̀kan kò tíì fi sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni ó sọ pé kí a fi gírísì sí bẹ́ríǹ bí ẹ̀rọ bá ti ṣe iṣẹ́ wákàtí 500, aago tí ń ka wákàtí náà sì wà níwájú awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú omi àti ẹrẹ̀, bí ti ìhà Ẹ̀pẹ́, kò gbọdọ̀ dúró de 500.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a ó wa ẹ̀rọ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí yóò fi fara lélẹ̀, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. A ó lé gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi àkísà nu ẹnu tí a ń gbà fa gírísì, nítorí iyanrìn tí ó bá bá gírísì wọlé yóò máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù. Bí agbára bá pọ̀ jù, ó lè ti rọ́bà tí ó dí etí òrùka kúrò ní àyè rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Bí a bá fa gírísì lójú kan, ojú kan náà ni yóò kóra jọ sí. Ọta tí ó wà ní òdìkejì kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà a ó padà gòkè, a ó tan ẹ́ńjìnnì, a ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ díẹ̀, a ó yí òkè ẹ̀rọ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká, a ó tún sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, a ó pa ẹ́ńjìnnì, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lọ fa òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí gírísì díẹ̀ yóò fi yọ ní etí rọ́bà. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì, fífa gírísì àti yíyí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kan, àwọn méjì pín in ṣe. Ẹ́ńjìnnì ń dún; ọmọkùnrin kan wà nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láàrin òkè ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀. Ó kígbe pé, “Ó tó!” Ẹni òkè gbọ́ “Ó yá!” ó sì fa ọ̀pá ìyípo. Ìka méjì ni ìkánjú náà gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lápò Bàbá Kékeré bí wọ́n bá ń fa gírísì.

Ti eyín kò gba àkókò. A ó ṣí ìdérí rẹ̀, a ó wo bí gírísì ti pọ̀ tó àti àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. A ó kó o jáde, a ó sì fi tuntun rọ́pò. Bí ìfọ́ irin bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ pe mẹkáníìkì. Ẹ pè é pẹ̀lú bí ẹ bá ń gbọ́ kàkàkà nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, tàbí bí òkè bá ń mì síwá sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀, nítorí bóòtì lè ti dẹ̀. Bí bẹ́ríǹ bá bàjẹ́ pátápátá, kírénì ni yóò gbé gbogbo òkè ẹ̀rọ kúrò kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Àkíyèsí

Òwe kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí lò, ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ìtàn ìka méjì kò gùn. Bí ó bá gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ, àròkọ náà ìbá ti di oníròyìn. Àbùkù kan wà níbẹ̀: “a ó” ni ó ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ṣàdédé yí i sí “ẹ pe mẹkáníìkì.” Máàkì lè bá ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Tún ìpínrọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ibi tí iṣẹ́ wà” kọ fún ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kéré sí ọ, kí o lo “ìwọ.” Lẹ́yìn náà, yọ ìgbésẹ̀ kan kúrò, kí o sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọṣẹ́ náà.